Ìyàwó Tí N Kò Fi Ẹfun Kun

Ganínínín.

Bí ìkòkò tó jiná dáadáa ṣe máa ń dáhùn nìyẹn tí Tibis bá fi oríkèé ìka kàn án. Èyí tó bá ti sán nínú iná kò ní dún bẹ́ẹ̀. "Pẹ̀" ni yóò wí, bí ìgbà tí ènìyàn tutọ́ sórí eruku. Ní gbogbo àárọ̀ tí a bá ṣí ìléru ní Kerameikos, àdúgbò àwa amọ̀kòkò ní Aténì, ìró yẹn ló ń jí wa. Tibis, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ iná, á jókòó sórí àpótí, á máa gbé wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ganínínín, ganínínín, pẹ̀, á sì máa fi èdè ìlú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́ ṣépè fún èyí tó bá wí pé pẹ̀. Ó di ọdún méjìlélógójì tí mo ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ní Taras tí mo wà yìí, ní òdìkejì òkun, amọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń bo òrùlé ni mo ń ṣe. Kò sí ẹni tó ń kan òrùlé gbọ́. Òjò nìkan ló ń kàn án, òjò kì í sì í ṣépè.

Ṣùgbọ́n ayàwòrán ni mí tẹ́lẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Sosikles ni orúkọ mi, bí ẹ bá sì rí ìkòkò kan níbikíbi tí ẹṣin ara rẹ̀ ní ẹsẹ̀ méje, ẹ bá mi kí i, èmi ni mo bí i. Ẹṣin mẹ́rin ló máa ń fa kẹ̀kẹ́ àwọn òrìṣà, ẹsẹ̀ mẹ́rìndínlógún ló sì yẹ kí ó wà nísàlẹ̀ wọn. N kò ya kẹ̀kẹ́ kan rí tí iye ẹsẹ̀ náà pé. Nígbà mìíràn ó dín, nígbà mìíràn ó lé. Pyrrhias, ọ̀gá tó ni ilé iṣẹ́ wa, a máa sọ pé, "Sosikles, èyí tó lé lára ti òní, tọ́jú rẹ̀ de ti ọ̀la." Ọwọ́ ènìyàn tí mo bá yà, àmúga ni. Imú nìkan ni mo mọ̀ ọ́n yà, mo sì mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n yà, ìyẹn ni gbogbo àdúgbò kò fi gbádùn mi.

Ẹni tí àbùkù iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó báyìí, ẹ ó rò pé á máa rìn jẹ́ẹ́jẹ́. Rárá o. Ẹnu mi ló ń ṣe iṣẹ́ tí ọwọ́ mi kò lè ṣe. Ohun tí mo sì fi ń yangàn jù lọ ni pé n kì í gbàgbé nǹkan. Ayàwòrán kan wà ní ilé iṣẹ́ tó kọjú sí tiwa, Lampon ni orúkọ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dára ju tèmi lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan ó ya Akhilleus tó gbọ́wọ́ sókè láti sọ ọ̀kọ̀ lu ọ̀tá, ó wá gbàgbé láti ya ọ̀kọ̀ náà. Iná ti jó o, kò sí àtúnṣe. Jagunjagun ńlá wá dà bí ẹni tó dúró ní èbúté tó ń pe ọlọ́kọ̀ pé, "Ẹ dúró dè mí o!" Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi Lampon ṣẹ̀sín. Bó bá ti ń kọjá, mo ti gbọ́wọ́ sókè. Mo sì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé, "Orí tèmi kì í jò."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹ̀gbọ́n mi. Dexios ló tọ́ mi. Láàárín oṣù kan ni ibà mú bàbá àti ìyá wa lọ, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, òun mẹ́rìnlá. Ó ru amọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn títí èjìká rẹ̀ fi bó, kí n lè rí búrẹ́dì ọkà bálì jẹ. Nígbà tó yá ó di ẹni tó ń mọ ìkòkò lórí kẹ̀kẹ́ amọ̀ lọ́dọ̀ Pyrrhias, ó sì bẹ ọ̀gá náà títí ó fi gbà kí n wá máa yàwòrán. Kò fẹ́ ìyàwó. Ó ní ó di ìgbà tí iṣẹ́ mi bá dúró. Ẹ wo ẹsẹ̀ ẹṣin wọ̀nyẹn, kí ẹ mọ bí ọkùnrin náà ṣe dúró pẹ́ tó.

Nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, a jókòó sí ojúde ilé iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, à ń jẹ ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ, ó kàn sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ òjò.

"Mo ti rí ẹni tí mo máa fẹ́."

"Ta ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Myrto, ọmọ Gorgos."

Gorgos ló ń wa amọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń lò. Kò bí ọmọkùnrin, nítorí náà Myrto ló ń da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ láti ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀ náà wá sọ́dọ̀ wa, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, tí oòrùn ń lù ú láti àtàrí dé apá. Ọmọbìnrin tó rí tán, tó ń rìn bí ẹni tó ni ọ̀nà. Ohun tó yẹ kí n sọ ni pé, "Ẹ kú oríire." Ohun tó jáde lẹ́nu mi nìyí:

"Háà, ẹ̀gbọ́n, ẹ ti pẹ́ jù! Oòrùn ti fẹ́ ẹ ṣáájú yín, gbogbo ara ló sì fi àmì sí."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀tọ́ há Pyrrhias lọ́fun, a ní láti gbá a lẹ́yìn. Dexios náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tí kò fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ tẹ́. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, àwàdà mi ti dé ibi ìsun omi, ó ti dé ọjà, ó ti dé etí ẹni tí mo fi ṣe é. Àwàdà kò ní ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ó yára ju ẹṣin tèmi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Myrto da kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ dé iwájú àpótí tí mo jókòó lé.

"Sosikles, wọ́n ní o sọ̀rọ̀ mi."

"Eré ni o."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Amọ̀ tí mo ń kó bọ̀ nínú oòrùn yẹn náà lo fi ń ya imú kiri. Tí mo bá jókòó sílé kí ara mi lè funfun, kí lo máa fi yà á? Itọ́?"

Èmi ni wọ́n fi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ó sì tọ́ sí mi. Láti ìgbà náà ni mo ti mọ̀ nínú ọkàn mi pé ẹ̀gbọ́n mi ti rí aya. Ẹ ṣàkíyèsí pé mo ní nínú ọkàn mi. N kò sọ ọ́ fún ẹnì kan.

Lọ́dọ̀ wa, bí ọmọbìnrin bá ń lọ sílé ọkọ, omi ìsun Kallirrhoe la fi ń wẹ̀ ẹ́, nínú òrù ọlọ́rùn gígùn kan la sì ti ń pọn omi náà, pẹ̀lú fèrè àti orin, tí gbogbo ojú ń wò ó lójú ọ̀nà. Dexios fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ òrù tirẹ̀. N kò tíì rí ohun tó rí bẹ́ẹ̀ rí: ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó gùn, ó sì dúró ṣánṣán. Ó gbé e wá fún mi bí ẹni gbé ọmọ tuntun.

"Ya ìgbéyàwó Peleus sí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò bá gbé e fún Lampon."

Mo sọ ọ́ kó lè sọ pé rárá ni. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ni àbúrò mi. Ẹnu tó bú ìyàwó mi, ọwọ́ rẹ̀ ni kó yìn ín. Yà á bí ẹni tó ń yà á fún ìyá wa."

Peleus tí à ń wí yìí, ènìyàn lásán ni, ó sì fẹ́ fẹ́ Thetis, òrìṣà obìnrin inú òkun. Ó bá a létí omi, ó dì í mú. Thetis di iná, kò fi í sílẹ̀. Ó di kìnnìún, kò fi í sílẹ̀. Ó di ejò, ó tún dì í mú síbẹ̀, àfìgbà tó padà di obìnrin tó sì gbà. Gbogbo òrìṣà ló wá jẹ àsè náà, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọn. Kẹ̀kẹ́ ẹṣin! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ó yẹ kí n sọ ohun kan nípa iṣẹ́ wa. Lára ìkòkò, ọkùnrin dúdú, obìnrin funfun. Bí a ṣe ń dá wọn mọ̀ nìyẹn: ọkùnrin wà nínú oòrùn, obìnrin wà nínú ilé. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ ni, nítorí obìnrin tiwa kò ráyè jókòó sínú ilé kankan, ṣùgbọ́n báyẹn la ṣe bá a. Dúdú la kọ́kọ́ ń ya gbogbo wọn, tọkùnrin tobìnrin. Lẹ́yìn náà la máa wá fi ẹfun kun ojú, apá àti ẹsẹ̀ àwọn obìnrin, kí ìkòkò tó wọ iná. Tó bá ti wọ iná, ó parí.

Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ya òrù náà. Mo ka ẹsẹ̀ ẹṣin títí ojú fi ń ro mí. Mo ya Zeus, ọba àwọn òrìṣà, mo ya Hera, mo ya Athena, mo ya Peleus tó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Imú Thetis, mo sọ fún yín, n kò ya irú rẹ̀ rí kí n tó yà á, n kò sì tún ya irú rẹ̀ mọ́. Mo wá gbé ẹfun. Mo kun Hera, mo kun Athena, mo kun gbogbo àwọn òrìṣà obìnrin tó ń tẹ̀ lé wọn. Ó wá ku Thetis. Mo wo ẹfun tó kù nínú àwo, ó ti di èérí, iyanrìn ti wọ̀ ọ́. Mo ní rárá, kì í ṣe èyí ni mo máa fi kun ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Mo lọ bu ẹfun tuntun, èyí tó dára jù nínú àpò Pyrrhias, mo rẹ ẹ́ sínú omi, mo sì ń dúró kí iyanrìn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀.

Ẹni tó ń dúró gbọ́dọ̀ wá nǹkan ṣe. Mo yí òrù náà padà sí ẹ̀yìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ mi. Ìkòkò wa máa ń sọ̀rọ̀, ohun tí mo kọ ni, "Sosikles ló yà mí." Mo kọ ọ́ tóbi ju orí Zeus lọ. Ó kù díẹ̀ kó dọ́gba, mo fi ewé kan sí ìparí rẹ̀. Ewé kan kò dára ní òun nìkan, mo fi kejì sí i. Mo ń fi ẹlẹ́ẹ̀kẹta sí i nígbà tí Tibis pariwo láti ẹnu ìléru.

"Sosikles! Ṣé iná ló máa dúró dè ọ́?"

"Gbé e! Ó ti tán!"

Tibis gbé e. Mo fọwọ́, mo lọ jẹun. Nígbà tí mo padà dé, mo rí àwo ẹfun náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí mi, ó ti tòrò, ó funfun bíi wàrà ewúrẹ́. Ẹ mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé ó ṣẹ́kù ni. Mo tilẹ̀ yin ara mi pé mo mọ nǹkan í ṣọ́ lò.

Igi tí wọ́n dá lọ́sẹ̀ náà tutù, iná falẹ̀, ìléru kò sì tutù tó láti ṣí àfi lọ́jọ́ ìgbéyàwó gan-an. Tibis gbé òrù jáde, eérú àti èédú bò ó, ó kàn án. Ganínínín! "Ó dáa," ló wí, "ẹ máa gbé e lọ, kò sáyè ìfọ̀ níbí." Dexios fúnra rẹ̀ fi aṣọ dì í. Nígbà tí wọ́n ń gbé e ka àbúrò ìyàwó lórí, mo sáré lọ tún un gbé. Ẹ̀yin náà mọ ìdí. Mo fẹ́ kí orúkọ mi kọjú síwájú.

Àwọn obìnrin ló ń lọ pọn omi yẹn, kò sí ohun tí ọkùnrin ń wá níbẹ̀ ju afọnfèrè lọ. Mo tẹ̀ lé wọn. Mo ní mò ń ṣọ́ òrù. Nígbà tí a dé ìsun, Akeste, àbúrò ìyá ìyàwó, obìnrin tí ohùn rẹ̀ lè la igi, gba òrù, ó fi í sábẹ́ omi, ó sì ń fi etí aṣọ rẹ̀ nu eérú kúrò.

"Ẹ wá wo irùngbọ̀n Zeus!"

"Ẹ wo Hera, bó ṣe ń dán!"

"Ta ló ń jẹ́ Sosikles yìí tí orúkọ rẹ̀ ga ju àwọn òrìṣà lọ?"

"Àbúrò ọkọ ni. Òun ló dúró sẹ́yìn yẹn, tó fẹ àyà bí àkùkọ."

Mo tún fẹ àyà náà sí i. Akeste wá yí òrù sí apá kejì. Omi dà lé e, eérú ṣí kúrò, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ síwájú.

"Peleus nìyí."

"Ó di ẹnì kan lọ́wọ́ mú."

"Ta ni?"

"Ọkùnrin ni o."

"Ọkùnrin kẹ̀? Ṣé o ò rí aṣọ ìyàwó lọ́rùn rẹ̀ ni?"

"Ọkùnrin tó wọ aṣọ ìyàwó ni."

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan pàtẹ́wọ́. "Thetis di iná, ó di kìnnìún, ó di ejò, Sosikles wá sọ ọ́ di ọkọ ẹlòmíràn!" Ẹ̀rín sọ. Afọnfèrè yọ fèrè lẹ́nu nítorí kò lè fọn ọ́n mọ́. Èmi alára rẹ́rìn-ín, kí n tó mọ ohun tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Akeste nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ìka tọ ojú ìyàwó tó dúdú náà.

"Kì í ṣe ọkùnrin," ló wí. "Ẹ wò ó dáadáa. Gbogbo obìnrin tó kù ló kun. Ìyàwó nìkan ló fi sílẹ̀ sínú oòrùn."

Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Gbogbo wọn rántí àwàdà mi ní ìṣẹ́jú kan náà, wọ́n sì yíjú sí mi. N kò fẹ àyà mọ́.

Ìròyìn dé ilé kí òrù tó dé. Dexios dúró lẹ́nu ọ̀nà, òdòdó ìgbéyàwó wà lórí rẹ̀, gbogbo àdúgbò ti pé: Pyrrhias, Tibis, Gorgos bàbá ìyàwó tó di ọwọ́ sẹ́yìn. Lampon náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Sosikles."

"Ẹ̀gbọ́n."

"O gbàgbé ni, àbí?"

Bó ṣe wí i nìyẹn. Ó ṣí ilẹ̀kùn fún mi gbayawu. Ohun tó kù kò ju kí n kàn fi orí dá a lóhùn lọ. Wọn ì bá fi mí rẹ́rìn-ín títí di ìkórè èso àjàrà, ẹ̀gbọ́n mi ì bá gbá mi létí kan, Myrto ì bá sọ ọ̀rọ̀ tó máa dùn mí, a ì bá sì wọlé lọ jẹ àsè. Mo la ẹnu láti sọ bẹ́ẹ̀, lóòótọ́ ni mo là á. Ni Lampon bá gbọ́wọ́ kan sókè láàárín èrò.

"Ó gbàgbé! Ẹ wá wò ó! Orí tí kì í jò ti jò!"

"Ta ló gbàgbé?" Ohùn mi ga ju bí mo ṣe rò lọ. "Èmi? Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iṣẹ́ ni ẹ ń pè é ní ìgbàgbé. Ṣé Thetis kì í yí padà ni? Ìgbà tó ń yí padà lọ́wọ́, tí kò tíì di obìnrin tán, ni mo yà. Kò sí ẹni tó yà á bẹ́ẹ̀ rí!"

Pyrrhias pàtẹ́wọ́ lórí ikùn rẹ̀. "Ọgbọ́n nìyẹn! Ẹ gbọ́ ọgbọ́n!"

Dexios kò wo Pyrrhias. "Ṣé o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?"

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ẹ̀gbọ́n."

"Ó dáa."

Ó wọlé. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́ kẹ́yìn lẹ́nu rẹ̀. Oṣù méjì la tún fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé kan náà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó ń yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀; bí ìkòkò bá tó í yà, á gbé e sílẹ̀ níwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́ta sí mi, á sì padà. Wọ́n sọ fún mi pé Akeste ti gbé òrù náà sókè láti fọ́ ọ mọ́lẹ̀, pé Myrto ló di apá rẹ̀ mú. Ó ní, "Ọwọ́ ọkọ mi ló mọ ọ́n. Ẹ da omi náà lé mi lórí." Wọ́n dà á lé e. Wọ́n ní kò sunkún títí wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ tán. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi kò sọ ohun tó ṣe lẹ́yìn ìyẹn, n kò sì béèrè.

Ẹ ó rò pé ojú tì mí. Kò tíì tì mí. Pyrrhias ń ròyìn mi káàkiri pé mo ya ohun tí ẹnikẹ́ni kò yà rí, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á gbọ́. Mo ń rìn bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀. Àfìgbà tí ọkùnrin kan ti ìsàlẹ̀ ìlú wá, tó wọ bàtà tó dára, tó béèrè mi.

"Ìwọ lo ya ìyàwó tí oòrùn jó yẹn?"

"Èmi ni, bàbá."

"Ya ọ̀kan fún mi bíi ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọ̀tá mi kan ń gbé ọmọ rẹ̀ fọ́kọ lóṣù tó ń bọ̀. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí wọn. Èébú tó dùn tó yẹn, n kò rí irú rẹ̀ rí."

Kẹ̀kẹ́ ẹ̀gbọ́n mi dúró. Kò wẹ̀yìn. Ó kàn dúró, amọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ń dúró de ohun tí mo máa sọ. Ẹ wo bí ayé ṣe tún ṣí ilẹ̀kùn fún mi lẹ́ẹ̀kejì! Mo sọ fún ọkùnrin náà pé ọwọ́ mi dí. Ìyẹn nìkan. Ọwọ́ mi dí. Kẹ̀kẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Lọ́sẹ̀ náà ni mo wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Taras, mo ní mo fẹ́ lọ wá iṣẹ́ ńlá. Iṣẹ́ ńlá náà ni òrùlé.

Mo ti gbìyànjú láti ránṣẹ́. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ sí orí òjé, irin rírọ̀ tí à ń fín ìwé sí, mo fi ṣàlàyé bí Thetis ṣe ń yí padà, ó gùn débi pé òjé náà tó ṣe ìdákọ̀ró. Èkejì, mo fi ẹ̀sùn kan Tibis, pé ìkánjú rẹ̀ ló fà á. Tibis ti kú nígbà yẹn. Ẹ̀kẹta, mo ní ẹfun ló bó sínú iná. Ẹ̀kẹrin, orin ni mo fi kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyẹn sílẹ̀. N kò fi ọ̀kan ránṣẹ́ nínú wọn. Mo yọ́ gbogbo wọn, mo fi òjé wọn dí ibi tí òrùlé ti ń jò.

Nísinsìnyí, ẹ wo ohun ẹ̀rín, mò ń gbàgbé ohun gbogbo. Mo ń gbàgbé ibi tí mo gbé ọ̀pá sí nígbà tí mo fi ọ̀pá náà ń tilẹ̀. Mo gbé ẹja kaná lóṣù tó kọjá, àwọn aládùúgbò ló wá pa iná. Àwọn ọmọ ibí ń pè mí ní Bàbá Mo-Gbàgbé, mo sì ń jẹ́ ẹ. Ọ̀rọ̀ tí n kò lè sọ lójú Lampon, ìgbà ogún ni mò ń sọ ọ́ lóòjọ́, kò sì sí ibi tó ti ń dùn mí.

Lánàá, Phanos wá. Ọlọ́kọ̀ ojú omi ni, ọmọ Aténì, ó máa ń kó irun àgùntàn láti ibí. Ó jókòó, mo fún un ní wàrà àti èso ólífì.

"Mo rí ẹ̀gbọ́n yín," ló wí.

"Ó wà láàyè?"

"Ó wà. Ọwọ́ ń gbọ̀n ọ́n, kò mọ ìkòkò mọ́. Ìyá wa Myrto ló ń bá a já búrẹ́dì. Ó bi mí bóyá mo mọ ẹnì kan ní Taras tó ń jẹ́ Sosikles."

"Kí lo sọ?"

"Mo ní mo mọ̀ yín. Ó ní ṣé ara yín le, mo ní ó le. Ó pa ojú dé. Mo rò pé ó ti sùn. Ó wá ní, 'Tí o bá dé ọ̀hún, bá mi bi í: kí la ṣe fún un?'"

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọdún méjìlélógójì ni ẹni tó tọ́ mi ti jókòó, tó ń yẹ ìgbésí ayé ara rẹ̀ wò láti wá ohun tó fi ṣẹ̀ mí.

Ọkọ̀ Phanos ń lọ lónìí. Mo gé òjé kékeré kan, kó má baà sí àyè fún àwáwí. Mo ti fi lé e lọ́wọ́ ní èbúté láàárọ̀ yìí, mo sì dúró títí ọkọ̀ náà fi ṣí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí:

Ẹ̀gbọ́n mi Dexios, èmi Sosikles ni. Ẹ ò ṣe mí ní ohunkóhun. Mo gbàgbé. Ìyàwó ni mo fi sílẹ̀ fún ìkẹyìn nítorí mo fẹ́ kí ẹfun tirẹ̀ dára ju ti gbogbo wọn lọ. Mò ń kọ orúkọ ara mi lọ́wọ́ títí Tibis fi gbé e lọ, mo sì gbàgbé. Irọ́ ni mo pa lẹ́nu ọ̀nà yín, nítorí Lampon ń wò mí. Ti àwàdà oòrùn, èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ìyẹn, mo sì ń bẹ Myrto. Bí ẹ bá fẹ́ kí n wá, ẹ sọ fún Phanos. Bí ẹ kò bá fẹ́, ẹ ṣáà bá mi sọ fún Myrto pé kò sí ẹni tó fi í ṣẹ̀sín lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ló gbàgbé.